Ọrùn Gòjé, Ọrun Gòjé

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń bi mí jù lọ láti ìgbà tí a ti wọlé fún sáà yìí ni pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá fẹ́ fi gòjé ṣe. Àwọn kan rò pé iṣẹ́ àṣekágbá mi ni. Rárá o. Orí àrànmọ́ fáwẹ̀lì ni iṣẹ́ àṣekágbá tèmi dá lé, kò kan igbá, kò kan awọ. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ ohun tí gòjé jẹ́. Wọ́n ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, wọ́n sì rò pé ìlù ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ síbí, kí n má baà máa tún un sọ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì lójoojúmọ́.

Gòjé kì í ṣe ìlù. Ohun èlò olókùn ni. Ìdajì igbá ni ikùn rẹ̀, awọ awọ́nríwọ́n ni wọ́n fi ń bo ojú igbá náà, igi gbọọrọ kan gba inú igbá kọjá, irun ìrù ẹṣin sì ni okùn tó ń ké. Ọ̀pá títẹ̀ tí wọ́n de irun ẹṣin mọ́ ni wọ́n fi ń fà á. Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ló ti wọ ilẹ̀ wa, goge ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó di ọmọ ilé. Inú orin sákárà ló fi ṣe ibùjókòó. Ẹni tó bá ti gbọ́ àwo Yusuf Ọlátúnjí, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá l'Ẹ́gbàá, tó sì papò dà ní 1978, ti gbọ́ gòjé. Ohùn tín-ín-rín tó máa ń tẹ̀ lé ohùn olórin bí òjìji, tó sì máa ń gba ọ̀rọ̀ sọ nígbà tí olórin bá dákẹ́ láti mí, òun náà ni.

Onígòjé ni bàbá tó bí bàbá mi. Abẹ́òkúta ni wọ́n gbé, wọ́n sì bá ẹgbẹ́ onísákárà kan ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún: òde ìsọmọlórúkọ, òde ìyàwó, òde òkú àgbà. N kò bá wọn láyé. Ohun tí mo mọ̀ nípa wọn, ẹnu Ìyá Àgbà ni mo ti gbọ́ ọ, nítorí bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ gòjé. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra bàbá wọn o. Nígbà tí wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, "ọmọ alágbe" ni àwọn ẹgbẹ́ wọn ń pè wọ́n. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ojú méjì ni ọ̀rọ̀ yẹn ní. Nínú kíláàsì lítíréṣọ̀ alohùn, alágbe ni olórin, ẹni tó mọ oríkì orílẹ̀ àwọn ènìyàn ju àwọn fúnra wọn lọ. Láàárín àwọn ọmọdé tó ń ṣeré níta, alágbe ni ẹni tó na ọwọ́ gba owó. Bàbá mi kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, wọ́n mọ̀ ọ́n dé ojú àmì, wọ́n sì pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní fi orúkọ yẹn pe ọmọ tiwọn.

Nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn ni iyè Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Nígbà mìíràn wọ́n á fi orúkọ àbúrò bàbá mi obìnrin pè mí. Nígbà mìíràn, bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á ní kí a má tíì ti ilẹ̀kùn, pé àwọn tó lọ sóde kò tíì dé. Ṣùgbọ́n orin kò kúrò lọ́kàn wọn. Bí mo bá fi fóònù mi ṣí àwo sákárà àtijọ́, wọ́n á gbè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n á sì máa fi ẹnu ṣe ohùn gòjé níbi tí kò ti sí ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni nǹkan ti yé mi. Nínú gbogbo agboolé wa, ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí etí rẹ̀ mọ bí gòjé Bàbá Àgbà ṣe ń ké. Gòjé tí mo bá ṣe ní ọdún márùn-ún sí i, ta ni yóò sọ fún mi bóyá ó jọ ọ́?

Mo fi ìsinmi ìparí sáà tó kọjá ṣe é.

Ẹ̀yìnkùlé ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà: páànù lókè, òpó mẹ́rin, lẹ́búlẹ́bú pákó nílẹ̀, àti tábìlì iṣẹ́ kan tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ máa lo ìkángun tábìlì yín ní ìrọ̀lẹ́." Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ kàn. Mo ní gòjé. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé wọn kò gbọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Má fi ayùn mi tuntun gé igbá. Á kú." Ó tán. Wọn kò ní kí n ṣe é, wọn kò sì ní kí n má ṣe é.

Ọjà Lafẹnwá ni mo ti ra igbá. Ìyá tó ń tà á bi mí bóyá gààrí ni mo fẹ́ fi wọ̀n tàbí ẹ̀kọ ni mo fẹ́ fi mu. Mo ní orin ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ́ mi bí a ṣe ń yan igbá: kí n fi ìka kàn án lára, kí n sì tẹ́tí. Igbá tí ara rẹ̀ ti sán, ohùn rẹ̀ á kú. Èyí tí ara rẹ̀ pé á dún gooro. Wọ́n ní kí n wo etí rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí igbá tó fẹ́lẹ́ jù kò lè gba ìnira awọ. Èyí tí mo mú fẹ̀ tó íǹṣì 10 láti etí kan dé èkejì.

Igi tó jẹ́ ọrùn gòjé ní láti gba ẹ̀gbẹ́ igbá kan wọlé, kí ó gba abẹ́ awọ kọjá, kí ìdí rẹ̀ sì yọ díẹ̀ ní òdìkejì, níbi tí a ó so okùn mọ́. Ihò méjì nìyẹn, igbá kò sì fẹ́ ìṣó, kò fẹ́ òòlù. Irin gbígbóná ni a fi ń lu ú. Mo ń yí igbá náà lọ́wọ́, mò ń wá ibi tí màá sàmì sí, nígbà tí bàbá mi ń kọjá lẹ́yìn mi. Wọ́n dúró. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ yí po, wọ́n ní, "Àjíkẹ́, akèrègbè ló máa ń júwe ibi tí wọ́n á ti fokùn bọ òun lọ́rùn." Wọ́n fi ibi méjì tó nípọn jù hàn mí, tí ó kọjú síra wọn. Ibẹ̀ ni mo gbé irin lé.

Nínú kíláàsì òwe, a ti túmọ̀ òwe yẹn sí pé ìwà ènìyàn ló ń kọ́ni bí a ó ṣe bá a lò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ìtọ́ni iṣẹ́, láti ẹnu ẹni tí igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ pa á kò ní ìwà ẹnikẹ́ni lọ́kàn. Ó lè jẹ́ pé okùn ló ń so.

Ó kan ọrùn àti ọrun. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọdún kìíní, ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ méjì yìí wà lára àwọn tí olùkọ́ máa ń fi ṣàlàyé iṣẹ́ tí ohùn ń ṣe nínú èdè wa. Gòjé ní méjèèjì. Ọrùn rẹ̀ ni igi gbọọrọ tí okùn gùn. Ọrun rẹ̀ ni ọ̀pá tí a fi ń fà á, nítorí kò yàtọ̀ sí ọrun ọdẹ: igi tó tẹ̀, àti ọsán tó dì í mú. Ẹ̀là igi apá kan tó ṣẹ́ kù lára ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ni mo fi gbẹ́ ọrùn. Mo fi ìfági fá a, mo fi sáńpépà ha á. Gígùn rẹ̀ ni ìṣòro. Fídíò tí mo wò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni ti fi rúlà wọn gòjé.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ, bàbá mi wọ yàrá wọn, wọ́n sì gbé nǹkan kan jáde tí wọ́n fi àdìrẹ àtijọ́ wé. Ọrùn gòjé Bàbá Àgbà ni. Igbá rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́, eku ti jẹ awọ àti irun rẹ̀, igi nìkan ló kù. Okùn gòjé máa ń ga sókè sí ọrùn ni; ọmọ ìka á kan okùn náà lásán, kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi. Nítorí náà, àtàǹpàkò nìkan ni igi yẹn mọ̀ ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi lò ó. Ojú ibi tí àtàǹpàkò máa ń jókòó sí ti dán, ó sì ti jin díẹ̀. Mo gbé tèmi lé e. Ibẹ̀ fẹ̀ jù mí lọ.

Bàbá mi ní, "Wọ̀n ọ́n. Má fi í kan tìrẹ." Mo wọ̀n ọ́n: íǹṣì 25. Wọ́n tún fi aṣọ wé e, wọ́n gbé e padà sí ibi tó wà. N kò bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ gòjé kì í fi ọrùn gòjé pamọ́ fún ohun tó lé ní ọdún 25.

Ọ̀dọ̀ lẹ́kúlẹ́jà ni mo ti ra awọ awọ́nríwọ́n, ó gbẹ, ó le bí pákó. Mo rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì. Awọ gbígbẹ kì í gbọ́ràn, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti rọ̀ á tẹ̀ lé ibi tí o bá fà á sí. Iṣẹ́ ẹni méjì ni fífà á. Mi ò bẹ bàbá mi, wọ́n kàn wá dúró ní òdìkejì tábìlì, wọ́n na ọwọ́. Èmi ń fà, wọ́n ń fi èèkàn ọparun kéékèèké kàn án mọ́ ara igbá, a sì fi okùn dì í yí po lábẹ́. A gbé e sí ibòji, kì í ṣe inú oòrùn, nítorí bí etí awọ bá yára gbẹ ju àárín lọ, yóò ya. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò. Bí ó ṣe ń gbẹ ni ó ń sún kì, tí ó ń fa ara rẹ̀ le. Nígbà tó gbẹ tán, mo dá ihò róbótó kan sí ẹ̀gbẹ́ awọ náà kí ohùn lè rí ọ̀nà jáde. Ẹ má gbàgbé pé òjò kò dẹ́kun ní gbogbo ìgbà yìí. Bí ojú ọjọ́ bá tutù, awọ á dẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì wálẹ̀. A ní láti gbé e súnmọ́ iná díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn onílù ṣe máa ń yá ìlù wọn.

Sábó ni mo ti rí irun ẹṣin, lọ́wọ́ bàbá kan tó ń tọ́jú ẹṣin. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo yà á, mo tò ó gígùn-gígùn. Mo ka 40 fún okùn gòjé, mo sì kó èyí tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ sára ọrun. A kì í lọ́ irun náà bí okùn, ṣe ni a ń pa á pọ̀, tí a sì ń so ó ní ìkángun méjèèjì. Ọ̀já awọ la fi so ó mọ́ orí ọrùn. Bí a bá fẹ́ kí ohùn ga tàbí kó wálẹ̀, ọ̀já yẹn la ó sún.

Ó ku igi kékeré tó máa ń dúró lórí awọ, tó gbé okùn ró. Òun ló ń gba ìgbọ̀nrìrì okùn, tó ń fi í lé awọ lọ́wọ́, kí awọ tó fi í lé igbá. Mo ti fún un lórúkọ sínú ìwé mi bí ọmọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá: afárá. Mo mú un lọ bá Ìyá Àgbà, mo ní, "Ìyá, kí ni Bàbá máa ń pe èyí?" Wọ́n wò ó fìrí, wọ́n ní, "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́." Mo rò pé iyè wọn ti tún rìn lọ. Wọ́n rí ojú mi, wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe òun ló ru ẹrù ni?"

Mo pa afárá rẹ́ nínú ìwé mi. A máa ń jókòó yí èdè-ìperí ká ní kíláàsì, a ń wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí a rò pé kò ní orúkọ. Iṣẹ́ pàtàkì ni, n kò sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tó ti ní orúkọ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹni tó mọ orúkọ náà wà ní yàrá kejì, ó ń sùn lọ́sàn-án, kò sì sí ẹni tó bi í.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pé, mo fa ọrun gba orí okùn. Kò dún. Irun lásán kò lè mú irun, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta fayolíìnì ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fún mi ní ẹ̀là oje igi tó ti gan, èyí tí wọ́n fi ń ra irun ọ̀pá tiwọn. Mo rà á lára ọrun lọ, lára ọrun bọ̀. Mo tún fà á. Ó ké! Àwọn ọmọ iṣẹ́ bàbá mi méjì tó ń fá pákó gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà. Wọ́n tẹ́tí títí, wọ́n ní, "Ó ń ké. Kò tíì sọ̀rọ̀." Mo bi wọ́n pé báwo la ṣe ń mú un sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n fi pe orúkọ ara mi. Àjíkẹ́: ìsàlẹ̀, òkè, òkè. Ìka mi gùn ún lọ bí ẹni gun àkàsọ̀. Wọ́n ní rárá, ẹnu ẹ̀dá kì í gun àkàsọ̀, kí n fa ìka náà lórí okùn kí ohùn kan yọ́ bọ́ sínú èkejì. Òótọ́ ni. Ohun tí onídùndún ń fi fífún ọsán mọ́ra ṣe, ìka tó ń yọ́ lórí okùn ló ń ṣe é fún onígòjé. Nígbà tó fẹ́ máa jọ ọ́, wọ́n ní kí n pe ọkọ àwọn. Àkàngbé: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè. Mo pè é. Wọ́n mi orí. "Àkàngbé wo? Àkànní náà ńkọ́? Ẹni tó bá pe orúkọ nìkan kò tíì pe ẹnìkan. Fi oríkì tì í lẹ́yìn." Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n, oríkì tí n kò gbọ́ rí, gígùn, láìkọsẹ̀, láti ẹnu ẹni tí kò rántí ohun tó jẹ ní àárọ̀. Mo gbé gòjé sílẹ̀, mo tẹ fóònù. Bàbá mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fi ọwọ́ kan mú férémù ilẹ̀kùn, wọn kò wọlé, wọn kò sì lọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ó lé díẹ̀ ni ohun tí mo gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti ń dà á kọ. Àwọn ibì kan wà tí n kò lè gbọ́ dáadáa, mo sì ní láti tún wọn bi léèrè ní ìsinmi tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá jẹ́ kí wọ́n ṣì rántí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá tún bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi gòjé ṣe, ìdáhùn mi nìyí: òun ni mo fi bi Ìyá Àgbà ní ìbéèrè. Bí mo bá gbé ìwé àti bírò lọ bá wọn, wọ́n á ní àwọn kò mọ nǹkan kan. Mo gbé igbá lọ, wọ́n sì dá mi lóhùn. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní onígòjé, onímólò tàbí onísákárà nínú ẹbí, tí ẹnì kan bá ṣì wà láyé tó gbọ́ wọn rí, ẹ má dúró de iṣẹ́ àṣekágbá.

Gòjé náà wà nílé, ó rọ̀ mọ́ òpó ní ṣọ́ọ̀bù. N kò lè gbé e wá sí yàrá tí àwa mẹ́rin jọ ń gbé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bàbá mi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Wọn kì í fi ohùn ránṣẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n á pè. Mo ṣí i. Kò sí "Àjíkẹ́", kò sí "ṣé dáadáa lo wà". Ohùn gòjé ni, ó ń gbọ̀n, ó ń wá ọ̀nà: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè. Ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́nà jíjìn, mo gbọ́ Ìyá Àgbà tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó ń fà á pé kó yọ́ ìka rẹ̀.